Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Mọ Bí A Ṣe Ń Dákẹ́

Bí ẹ bá gbé mọ́tò yín lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, tí ẹ padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láti béèrè ibi tí iṣẹ́ dé, ohun kan ṣoṣo ni yóò sọ fún yín: "Díẹ̀díẹ̀ ni." Ẹ padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, "Díẹ̀díẹ̀ ni" náà ni. Bí orúkọ tí àwọn òbí wa sọ ọ́ ṣe di ohun ìgbàgbé nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn mi fi bó, Díẹ̀díẹ̀ náà ni mò ń pè é.

Èmi kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ ní tèmi o. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe é, ẹni tó bá sì ń rọbí kì í sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Ara mi yá, ẹnu mi yá ju ara mi lọ. Àwọn tó mọ̀ wá máa ń sọ pé gbogbo sùúrù tó wà nínú ilé wa, ìyá wa tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ de àbúrò mi ni, kò fún mi ní ẹyọ kan nínú rẹ̀. Irọ́ kọ́.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń wa jíìpù àtijọ́ kan gba inú odò kọjá, màá sì gun òkè lọ sí ilé ìtọ́jú kan tó ní yàrá méjì péré, níbi tí àwọn aboyún àti àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń dúró dè mí. Kò sí afárá. Nígbà òjò, omi yẹn máa ń dé ìdajì ilẹ̀kùn ọkọ̀. Jíìpù náà kò ní àbùkù lára, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń wọ́ ara rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀tá mi. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń darí ẹ́ńjìnnì yẹn, kọ̀ǹpútà náà sì kórìíra omi bí ológbò. Ó mu omi lẹ́ẹ̀kan, Díẹ̀díẹ̀ sá a gbẹ. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kejì, ó pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, àárín odò ló kú sí mọ́ mi lọ́wọ́, tèmi ti àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo gbé àpótí rù, mo wọ́ ẹsẹ̀ jáde nínú omi, mo ń ṣépè fún irin. Irin tí kò létí!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, n kò dé òkè. Lẹ́tà wá dé láti ọ́fíìsì. Ọ̀gá tó máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò ló kọ ọ́. Ó ní níwọ̀n bí kò ti sí ọkọ̀, níwọ̀n bí àwọn èèyàn òkè yóò sì ti ṣíwọ́ wíwá, àwọn fẹ́ ti ilé ìtọ́jú náà pa, kí èmi wá jókòó sí ọ́fíìsì, kí n máa to fáìlì. Àmọ́ ó ní òun yóò wá fúnra òun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn oṣù. Bí mo bá ní ọkọ̀ tó lè gbé òun lọ kó sì gbé òun bọ̀, òun yóò tún ọ̀rọ̀ náà rò. Bí n kò bá ní in, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Èmi, kí n máa to fáìlì! Àwọn aboyún tí mo fi ọwọ́ mi yìí gbẹ̀bí ìyá wọn, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ wọ odò wá bá mi? Mo ká lẹ́tà náà, ó di ọ̀dọ̀ Díẹ̀díẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí onígi kékeré tó máa ń gbé kiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ nǹkan kan nínú agolo.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀."

"Má kí mi. Ka èyí."

Ó nu ọwọ́ ọ̀tún, ó nu tòsì, ó kà á dópin, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà. Nígbà tó yá, ó ní, "A ò ní ra kọ̀ǹpútà míì."

"Kí la wá fẹ́ fi wa ọkọ̀? Àdúrà?"

"A máa yọ ẹ́ńjìnnì yẹn dànù ni, Àǹtí. Dísẹ́lì la máa gbé sí i. Dísẹ́lì ayé àtijọ́ tí ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ fún un lépo, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, ó parí."

"O ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

Ó wo ilẹ̀. "Bẹntiróòlù ni mo kọ́. Àmọ́ mo ti mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì náà wà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wò ó."

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé àbúrò mi ní àṣírí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó búrẹ́dì nígbà kan wà lẹ́yìn ilé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Ara rẹ̀ ti jẹrà, ewéko ti gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bí Díẹ̀díẹ̀ bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó máa ń yà níbẹ̀, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wo ẹ́ńjìnnì yẹn bí àwọn kan ṣe ń wo afẹ́sọ́nà. Ó ti fi epo pa á lára kó má baà dípẹtà. Kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó ń ṣàlàyé fún mi, ojú rẹ̀ ń tàn yanran, ọ̀rọ̀ sì ń yára jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ tèmi!

Àwọn oníbúrẹ́dì ní ká máa gbé ọkọ̀ náà lọ, kò wúlò fún wọn mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ní. Òun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jó irin pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Ojú-Iná, àti èmi tí mò ń sá wá lẹ́yìn iṣẹ́, àwa mẹ́ta la dáwọ́ lé e. Ojú-Iná sanra, kì í dákẹ́. Bí Díẹ̀díẹ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ kan, yóò sọ ogún lé e. Wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ òpó irin méjì, wọ́n fa ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù sókè kúrò nínú jíìpù, mo sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé eyín tó ń dun èmi gan-an ni wọ́n yọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ búrẹ́dì àti ojú gíà jíìpù kò bára mu. Ihò bóòtù tibí wà lókè, tọ̀hún wà nísàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ní kí n wá páálí tó nípọn wá. Mo gbé páálí oògùn kan wá láti ibi iṣẹ́, ó fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ẹ́ńjìnnì, gbogbo ihò sì hàn lára rẹ̀ dúdú minimini. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú gíà. Ọjọ́ méjì ni Ojú-Iná fi gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn bí àtàǹpàkò láti inú àwòrán yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé e sáàárín àwọn méjèèjì tí bóòtù àkọ́kọ́ wọlé, tí ìkejì wọlé, tí gbogbo wọn wọlé láìjẹ́ pé a fi òòlù gbá ọ̀kankan, Ojú-Iná dì mọ́ mi, ó sì fi èédú pa aṣọ funfun mi láró. N kò bínú. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: n kò bínú!

Ẹ́ńjìnnì náà wúwo. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sínú jíìpù, iwájú ọkọ̀ tẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Wọ́n fi irin kún sípíríìnì iwájú, ó dìde. Ó tún gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó gba ibi tí bátìrì ń jókòó sí. Díẹ̀díẹ̀ gbé bátìrì lọ sísàlẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Ṣé ibẹ̀ yẹn ò ti wálẹ̀ jù?" Mo béèrè.

"Ibi tó ṣófo nìyẹn, Àǹtí. Tó bá yá, a máa gbé e sókè, díẹ̀díẹ̀."

Ọkọ mi sọ nílé pé òórùn dísẹ́lì ni mò ń gbé wọlé báyìí dípò òórùn oògùn. Mo ní kó fara mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ìṣẹ́gun yẹn ni iṣẹ́ parí, nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. A ti da dísẹ́lì sínú táǹkì, ó kún dẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ní afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú àwọn páìpù epo, dísẹ́lì ò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ nínú oúnjẹ ẹ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì orí páìpù, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ póńpù kékeré kan. Fóòmù ń jáde, fóòmù ń jáde, títí epo gidi fi tú síta. Ó dè é. Ó wá na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ni ín."

Mo fi ọwọ́ tó ti gba ẹgbẹ̀rún ọmọ gbà á. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó kérora. Mo tún un yí. Ó tu èéfín dúdú, ó wúkọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ara ọkọ̀ gbọ̀n, ó ké: gbà-gbà-gbà-gbà-gbà!

Yéè! Ojú-Iná ju ìbojú rẹ̀ sókè, ó ń jó. Èmi ń pariwo, n kò mọ ohun tí mò ń sọ. Díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ sáré! Àbúrò mi tí n kò rí kó sáré láti ìgbà tó ti kúrò ní iléèwé, ó sáré yí jíìpù yẹn ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń mí," ó ní. "Àǹtí, ó ń mí!"

Nígbà tí ayọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ pa á, ká wò ó bóyá ó ń jò níbì kan."

Mo yí kọ́kọ́rọ́ padà. Gbà-gbà-gbà-gbà.

"Àǹtí, ẹ pa á."

"Mo ti pa á."

"Ẹ ò tíì pa á."

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, mo nà án sí i lójú. "Kí wá lèyí? Ṣíbí?"

Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ẹ́ńjìnnì. Ó sáré tú orí bátìrì. Gbà-gbà-gbà-gbà. Bí ẹni pé a ò bá a wí. Mo rí i tí ẹnu àbúrò mi là sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì wá gbé ọwọ́ lé orí.

Ẹ wò ó, ọdún méjìlélógún ló fi ń ṣe mọ́tò bẹntiróòlù. Iná ló ń mú bẹntiróòlù ṣiṣẹ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, iná kú, ẹ́ńjìnnì kú. Dísẹ́lì àtijọ́ kò nílò iná. Níwọ̀n ìgbà tí epo bá ń dé ọ̀fun rẹ̀, yóò máa lọ ni. Wáyà kan wà nínú ọkọ̀ búrẹ́dì yẹn tí dírẹ́bà máa ń fà láti fi sé epo mọ́ ọn, àmọ́ a ti da òun àti ara ọkọ̀ tó jẹrà nù sórí ààtàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ronú bí yóò ṣe dìde. Kò sí ẹnì kan nínú àwa mẹ́ta tó ronú bí yóò ṣe dákẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ epo inú ẹ̀ tán," Ojú-Iná ní.

"Táǹkì tó kún dẹ́nu? Ìwọ lo máa sùn tì í?" Mo fi ìbínú bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dúró mọ́. Díẹ̀díẹ̀ wò yíká, ó rí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó gbé e, ó sì fi pátákó rẹ̀ bo ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Pà! Ẹ́ńjìnnì fa pátákó náà mọ́ra, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti yọ wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ti so ó mọ́ póńpù epo, ó sì fi orí ẹ̀rọ omi kan tó ti bàjẹ́ ṣe ọwọ́ tí èèyàn yóò fi máa fà á. Ihò kan ti wà tẹ́lẹ̀ níwájú orúnkún ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ibẹ̀ ló fi í sí. "Tí ẹ bá fa èyí, ó kú nìyẹn," ó ní. "Nínú odò, Àǹtí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́jọ géérégé, Ọ̀gá Ayẹ̀wò dé. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán, fáìlì wà ní abíyá. Ó kí wa bí ẹni tó ń ka ìwé. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ àti àpótí abẹ́rẹ́ mi.

Òjò ti rọ̀ lókè. Odò náà pupa, ó sì ga. Mo fi ọkọ̀ sí gíà tó lágbára jù, mo wọlé. Omi dé àárín táyà, ó bo táyà, ó dé ìdajì ilẹ̀kùn. Ó ń wọlé sí wa lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá gbé bàtà méjèèjì sókè, ó gbá fáìlì mọ́ àyà. A dé àárín gbùngbùn, táyà òsì gun òkúta, jíìpù fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá ké "Háà!", ó na ọwọ́ wá ohun tó máa dì mú, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sórí nǹkan tó sún mọ́ ọn jù lọ: orí ẹ̀rọ omi.

N kò ronú. Mo gbá a lọ́wọ́ pàá. "Yọwọ́ ẹ níbẹ̀!"

Ó yọ ọ́. Ó wò mí. Mo gbọ́ tí Díẹ̀díẹ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn wa. Mo ti gbá ọ̀gá mi lọ́wọ́, mo tún pè é ní "ìwọ", ọ̀gá tí gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ilé ìtọ́jú mi wà lẹ́nu gègé yẹn. Mo sọ fún ara mi pé, ìyá ọmọ, o ti fi ọwọ́ ara rẹ fa wáyà yẹn.

Kí n tó lè tọrọ àforíjì, omi tó ti bo bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ba á jẹ́. Àwọn iná kéékèèké iwájú mi kú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó ti kú," Ọ̀gá ní, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Kò kú o, ọ̀gá," Díẹ̀díẹ̀ ní látẹ̀yìn. "Ẹ fetí sí i."

Gbà-gbà-gbà-gbà. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohun tó fẹ́ yà wá ní wèrè ní ọjọ́ Ajé, òun ló ń gbé wa lọ báyìí. Omi ń ya sọ́tùn-ún, ó ń ya sósì, a gun bèbè odò, ẹrẹ̀ fò dé orí òrùlé, mo sì pariwo bí ọmọdé. Mo gbàgbé pé mo ti di ẹni tó ń to fáìlì. A gun òkè náà láìdúró níbì kan.

Nígbà tí a yọ sí àgbàlá ilé ìtọ́jú, mo tẹ bíréèkì, n kò sì lè sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n kún ibẹ̀. Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì, lórí àtẹ̀gùn, lábẹ́ igi, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, pẹ̀lú oyún níwájú. Ìyá àgbà tó máa ń bá mi gbá ilé ló dìde, ó gbé àpò kan dání. Kò kí mi.

"Ìṣẹ́gun méje," ó ní. "Ìwọ lo sọ fún wa pé ẹni tó bá pa Ìṣẹ́gun kan jẹ, kó má fojú kàn ẹ́. O sọ ọ́, o ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, Mà."

"Àwa ò pa ìkankan jẹ. Gbogbo Ìṣẹ́gun la wá. A jókòó títí oòrùn fi yí, a sọ pé bóyá tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ta ló wá pa á jẹ nínú èmi pẹ̀lú ẹ?"

Mo bú sẹ́kún. Ìyá àgbà já àpò náà lé mi lọ́wọ́. Káàdì gbogbo àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀, ó ti tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé.

Ọ̀gá ti sọ̀ kalẹ̀. Ó na etí, ó ní, "Ẹ bá mi pa mọ́tò yẹn, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," Díẹ̀díẹ̀ dáhùn. "Omi ti ba bátìrì jẹ́. Tí a bá pa á, àfi kí àwọn ìyá wọ̀nyí tì wá délé."

Ọ̀gá bá sún mọ́ ìyá àgbà, ó sì tẹ orí ba, kó lè gbọ́. Ìyá àgbà mú un lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ògiri hàn án. Ìlà èédú méje ló wà níbẹ̀, ó fà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan Ìṣẹ́gun tí n kò wá. Ọ̀gá fi ìka kà wọ́n. Ó jáde, ó ka àwọn ìyá, ó ṣì í kà, ó tún un kà. Mo ti ń fún ọmọ kẹrìnlá ní abẹ́rẹ́ nígbà tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ọwọ́ tẹ́ ẹ fi gbá mi lẹ fi ń gún àwọn ọmọ yìí?"

"Òun ni, ọ̀gá. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

"Mo káàánú wọn," ó ní. Ó yọ ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ nínú fáìlì, ó gbé e lé tábìlì mi, ó fa igi lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ilẹ̀kùn yìí wà ní ṣíṣí sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fọwọ́ sí i. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló wá kí mi káàbọ̀.

Wákàtí mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì yẹn fi ń dún nínú àgbàlá. Díẹ̀díẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ló tó kọ́ iṣẹ́ dísẹ́lì, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni òun ń kọ́ ọ.

Nígbà tí a padà dé etí odò, omi kò tíì fà. Ọ̀gá Ayẹ̀wò wo omi, ó wo orí ẹ̀rọ omi tó wà níwájú orúnkún rẹ̀. Ó na fáìlì rẹ̀ sí Díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé wọn.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ẹ máa wà á lọ."